Ikọ́ Ife Wọ Egungun Ẹ̀yìn Mi, Mo sì Ń Wá Ọ̀tá Kiri

Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀yìn bá ti ń dùn láti bí oṣù mẹ́ta, tí òógùn ń bò lórí ibùsùn bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò jáde, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tó ṣe òun, òun ni mò ń kọ èyí sí. Orúkọ mi ni Káyọ̀dé. Ní pápá ìṣeré Ìkọ̀tún, Ògiri ni wọ́n ń pè mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi gba bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù, ọwọ́ ẹ̀yìn ni mo sì ń gbá. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí àìsàn fi dá mi padà sílé. Ikọ́ ife ni wọ́n ń pe àìsàn náà, èyí tí àwọn àgbà mìíràn ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò wú ikọ́ kan ṣoṣo. Àìsàn náà lágbára. Ṣùgbọ́n ìfura tèmi ló fún un láàyè tó fi gbilẹ̀.

Wọ́n ní ìfura lòògùn àgbà. Ẹni tó bá gbá ọwọ́ ẹ̀yìn rí mọ ìtumọ̀ òwe yẹn dáadáa. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ níwájú rẹ á ju ara sọ́tùn-ún, òsì ló fẹ́ gbà. Ẹni tó kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, máa ń sọ fún wa pé ká má wo bọ́ọ̀lù, ká má wo ojú, ìbàdí ni ká máa wò, torí ìbàdí kì í purọ́. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára débi pé n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìbàdí gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tí kò bá mi du bọ́ọ̀lù.

Èmi àti Súlè la jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní pápá Ìkọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ dàgbà ni. Nígbà tí òyìnbó àjẹńtì kan, aṣojú tó ń bá agbábọ́ọ̀lù wá ẹgbẹ́, wá wò wá, àwa méjèèjì ló kọ́kọ́ sọ pé òun máa mú, èmi nìkan ló wá mú nígbẹ̀yìn. Súlè sìn mí dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ó ní kí n fún òun ní bàtà bọ́ọ̀lù mi àtijọ́, torí wọ́n máa fún mi ní tuntun lọ́hùn-ún. Mo gbé e fún un, ó há a mọ́ abíyá, ó sì ń juwọ́ títí n kò fi rí i mọ́.

Bẹ́líjíọ̀mù tutù ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ tó gbà mí wà ní ìpele kejì, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Lọ́dún àkọ́kọ́, orí àga ni mo jókòó sí jù. Lọ́dún kejì, ẹni tó ń gbá àárín ẹ̀yìn ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n wọlé, n kò sì jáde mọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá ti gba òkè wá, tèmi ni. Orí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún kẹta la gòkè sí ìpele kìíní. Àwọn olólùfẹ́ wa ń fi orúkọ mi kọrin, àwọn ti ẹgbẹ́ kejì ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù mí. Màá he ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, màá gbé e sẹ́yìn ìlà, màá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú wọn, mo sì ń fi pamọ́ sínú. Díẹ̀díẹ̀, n kò gba ẹ̀rín ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún gbọ́ mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo gbà gbọ́ ni àjẹńtì mi. Òun ló mú mi kúrò ní Ìkọ̀tún. Ọmọ òun ló máa ń pè mí. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó bá ti lágbára láàárín èmi àti ẹgbẹ́, ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Lọ́dún kẹrin mo wálé, mo gbé Fọlákẹ́ níyàwó. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo gba ilé fún un níbẹ̀, mo kó àwọn òbí mi mọ́ ọn, mo sì padà.

Nínú òtútù ọdún karùn-ún ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ ojúkan mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀yìn mi, tí kò gbé e kúrò. Mo ní ibi tí ẹnì kan ti gbá mi ni. Wọ́n fi òróró ra á, wọ́n fi nǹkan gbígbóná sí i. Ìfarapa bọ́ọ̀lù, bí o bá sinmi, á rọlẹ̀. Èyí, ìgbà tí mo bá sinmi ló ń dùn jù. Lóru, òógùn á bò mí, màá pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná díẹ̀ bí ibà tí kò fẹ́ jáde síta. Oúnjẹ ò wù mí. Ṣòkòtò ìgbábọ́ọ̀lù mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbogbo èyí sọ́kàn. Mo ní wọn, n kò so wọ́n pọ̀.

Ohun tí mo so pọ̀ ni pé, ní oṣù tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ ra ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì kan tó ń gbá ibi tí mò ń gbá. Ọmọlúwàbí ni. Ó máa ń bu kọfí tèmi mọ́ tiẹ̀ láàárọ̀. Mo ronú pé kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ gba ipò mi fi ń bu kọfí fún mi? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi mi láti ilé. Bí mo bá gbé ife sílẹ̀ tí mo yíjú, n kò ní mu ún mọ́.

Dókítà ẹgbẹ́, bàbá àgbàlagbà kan, ya fọ́tò egungun mi. Ó gbé e sójú iná, ó wò ó pẹ́, ó pe dókítà mìíràn wá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì sọ̀rọ̀ gígùn. Faransé tí mo gbọ́ ni ti pápá: ọ̀tún, òsì, gòkè, fi í sílẹ̀. N kò gbọ́ Faransé àìsàn. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá àjẹńtì mi. Ó fi fóònù pe dókítà níṣojú mi, ó fetí sílẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá sọ fún mi pé ẹ̀yìn mi ti rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ dá mi dúró sí ọsibítù kí wọ́n lè rí àyè fagi lé ìwé àdéhùn mi. Ó ní kí n lọ sílé, kí n sinmi, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí òun ń bá ẹgbẹ́ kan ní Tọ́kì sọ̀rọ̀ nípa mi. Bí wọ́n bá gbọ́ àìsàn, kò sẹ́ni tó máa rà mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ ní ó kú ìfẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sí Lagos, dókítà fúnra rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó gbé àpòòwé ńlá kan fún mi, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Fọ́tò egungun mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé dókítà, Lagos, dókítà, Lagos. Nínú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti parí èrò lórí rẹ̀. Nígbà yẹn, orúkọ éèdì, àrùn tí kò gbóògùn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ẹnu káàkiri, àwọn tó ti òkè òkun dé ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ fura sí. Mo rò pé ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn nìyẹn, kí gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá lè kà á. Bí mo ṣe délé, mo tú aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí mi, mo ki àpòòwé náà bọ abẹ́ rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ gán an padà.

Gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń ṣe mí tán, àfi èmi. Bàbá mi, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní ìfarapa bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé mo ti jẹ ṣúgà òyìnbó jù, ó ń gbé àgbo wá nínú jálá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń mu ún, inú mi ń ṣí, ẹ̀yìn ò gbọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gún mi ní abẹ́rẹ́ ibà, wọ́n tún gún mi ní ti táífọ́ọ̀dù. Ìyá mi ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ẹ̀gàn. Ó mú mi lọ síbẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí n sì mú ọkàn mi balẹ̀.

Wòlíì gbàdúrà fún mi pẹ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Ohun tó bi mí ni bóyá ohun ẹsẹ̀ mi kan wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọkàn mi fò sí Dópẹ̀mú lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni Súlè ti ń jó irin nígbà yẹn, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bàtà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni wọn ò mú lọ. Òun ló juwọ́ títí n kò fi rí i mọ́. Èmi ni mo dárúkọ rẹ̀, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

A lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, èmi, ìyá mi àti àwọn aláṣọ funfun méjì. Súlè gbé ìbòjú irin kúrò lójú nígbà tó rí wa, ó fẹ́ dì mọ́ mi, mo sún sẹ́yìn. Mo sọ ohun tí mo bá wá níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ní kó gbé bàtà mi jáde, kó sì sọ ohun tó fi í ṣe. Kò bá mi jà. Ó wọ inú lọ, ó gbé bàtà náà wá láti ara ìṣó ògiri. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já, ó ti fi wáyà rán an níbi mélòó kan.

Ó ní, "Ògiri, bàtà yìí ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù títí tí kò fi ṣeé wọ̀ mọ́. Mo gbé e kọ́ kí n lè máa sọ fún àwọn tó bá wọlé pé mo mọ̀ ẹ́. Gbà. Má sì tún wá síbi tí mo ti ń jẹun mọ́."

A sun bàtà náà ní Ẹ̀gàn. Ìrora ọ̀sẹ̀ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i bí ìfura ṣe ń ṣiṣẹ́? Dípò kí n sọ pé Súlè ò mọwọ́ mẹsẹ̀, mo ní bàtà ẹlòmíràn ló gbé fún mi, pé tèmi gan-an ṣì wà níbì kan tó sin ín sí.

Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó ń fi òróró ra ẹ̀yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní egungun kan yọ díẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wò ó, ó jókòó sílẹ̀ ṣá. Iké ni. Iké ń yọ lẹ́yìn mi, èmi tí wọ́n ń pè ní Ògiri. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa iké abuké àti àwọn tó ń wá a kiri láti fi ṣoògùn owó. Láti ọjọ́ yẹn, n kò jáde láìwọ agbádá. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ níwájú ilé wa, màá sún kúrò lójú fèrèsé.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó mi. Olùkọ́ kan wà ní ilé ìwé girama tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ọmọ Pọ́tò-Nóò ni, Faransé ló ń kọ́ wọn, Mùsíọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí òun àti Fọlákẹ́ lẹ́nu géètì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo yẹ àpótí mi wò. Wọ́n ti tú ibi tí mo gán. Àpòòwé ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo jókòó dè é. Nígbà tó dé, n kò jẹ́ kó bọ́ bàtà. Mo ní ó ti gbé àṣírí mi fún ọkùnrin àjèjì, pé ó fẹ́ mọ irú àrùn tó ń ṣe mí kó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ bá àwọn ará ilé wọn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó wá ní, "Nígbà tí mò ń wá aṣọ òtútù rẹ ni mo rí i. Mi ò bi ẹ́, torí mo mọ̀ pé wàá dáná sun ún. Mùsíọ̀ ti kà á, ó ní òun ò lè sọ fún mi, àfi níwájú rẹ. Ó wà níta. Ṣé kí n pè é wọlé, àbí kí n ní kó máa lọ?"

Bàbá mi ló dáhùn láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ní kí ó pè é wọlé.

Mùsíọ̀ jókòó sí etí àga, ó gbé lẹ́tà sórí orúnkún, ó ń kà á ní Faransé, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Dókítà náà kọ ọ́ pé òun rò pé ikọ́ ife ló wọ egungun ẹ̀yìn ọkùnrin yìí. Ó ní ó ṣeé wò, oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́, torí bó bá pẹ́, ó lè mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún aṣojú rẹ̀ lórí fóònù, aṣojú náà sì ní òun máa sọ fún un.

Mo ní kó tún ibi tó ti sọ̀rọ̀ aṣojú kà. Ó tún un kà. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọlákẹ́ wá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a.

Oṣù mẹ́jọ ni ìwé yẹn fi wà lábẹ́ aṣọ àpótí mi. Mo ti fura sí ọmọ Pólàńdì tó ń bu kọfí fún mi, mo fura sí dókítà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé mi, mo fura sí Súlè, mo fura sí obìnrin tó ń fọ aṣọ tí òógùn mi bà jẹ́. Ẹni tó mọ orúkọ àìsàn mi tó fi pa mọ́ kí ọjà rẹ̀ má bàa bàjẹ́, òun ni mo kí pé ó kú ìfẹ́. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo kọ̀wé sí i. Wọn ò rà mí ní Tọ́kì.

Ẹ máa rò pé ojú mi là níbẹ̀. Kò là. Ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń wo ikọ́ ife jìnnà sí wa, ìdájí la máa ń kúrò nílé ká lè rí nọ́ńbà gbà. Ẹ̀yìn gbogbo ilé yòókù ni wọ́n kọ́ ibi tiwa sí, bí ilé tí wọn ò fẹ́ kí àlejò rí. A máa ń jókòó lórí bẹ́ńṣì gígùn, bí ẹni iwájú bá wọlé a ó sún. Gbogbo wọn ló ń wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, èmi nìkan ni n kò wú. Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé wọ́n ti ṣì mí mú, pé ibí yìí gan-an ni màá ti kó o. Dókítà tó rí mi, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, gbé fọ́tò ti Bẹ́líjíọ̀mù sójú iná, ó ní ẹni tó kọ lẹ́tà yìí mọṣẹ́. Ó ṣàlàyé pé ènìyàn lè mí kòkòrò náà sínú láìmọ̀, kó sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kó wá bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú egungun. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún éèdì pẹ̀lú, torí mo bi í. Kò sí i. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta, kò bínú.

Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún oṣù méjì, oògùn oníhóró fún ọdún kan àti ààbọ̀. Mo ta mọ́tò tí mo fi ọkọ̀ ojú omi kó wálé, owó rẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí mo lo oògùn náà, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi pupa. Mo dúró nílé ìtọ̀, mo ń wò ó. Etí mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ìtọ̀ máa pọ́n, pé oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí n sì wá sọ fún òun bí etí bá ń hó. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní májèlé, ṣé kò ní kọ́kọ́ sọ fún ọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ń gba oògùn lọ́wọ́ Fọlákẹ́, mo ń fi sẹ́nu, bó bá ti yíjú, màá tu ú sọ́wọ́, màá tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n lè lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò dá mi lóhùn. Kò dùn mí. Mo fi èékánná ha itan mi, ó dà bí pé itan ẹlòmíràn ni. Mo pariwo. Bàbá mi àti Fọlákẹ́ gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tẹ́ aṣọ mìíràn, torí mo ti tọ̀ sára. Bí wọ́n ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì sókè ni wọ́n rí àwọn oògùn, àwọn mìíràn ti yọ́ mọ́ ara wọn.

Fọlákẹ́ kó wọn sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ta ló kó èyí síbí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ó dáa. A ti rí i."

Kò tún sọ ohun mìíràn lórí rẹ̀ títí dòní. Bàbá mi jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, ó sì bojú wolẹ̀.

Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, lórí pátákó líle, kí ẹ̀yìn lè nà. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin náà ò gbé ìbínú rẹ̀ síwájú mi. Ó ní àwọn mìíràn máa ń rìn padà, àwọn mìíràn kì í rìn, òun ò lè ṣèlérí fún mi, àfi pé bí n kò bá lo oògùn, òun lè sọ bó ṣe máa parí. Láti ọjọ́ náà, kí n tó gbé oògùn mì, màá la ẹnu mi kí Fọlákẹ́ wò ó, lẹ́yìn tí mo bá gbé e mì, màá tún là á. Èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. N kò fọkàn tán ara mi mọ́.

Wọ́n dá mi padà sílé ní oṣù tí wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ. Wọ́n ń sun táyà lójú títì, ọkọ̀ ò rìn, abẹ́rẹ́ mi sì kù púpọ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Sístà Kọ́ńfọ́ọ̀tì, ọmọ Ìbínní, ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Fọlákẹ́ bẹ̀ ẹ́, dókítà sì kọ ìwé fún un. Ó ń fẹsẹ̀ rìn wá lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó jẹ́ kí n rí ìgò abẹ́rẹ́ kó tó ṣí i, kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó gbé e fún mi. Lọ́jọ́ kejì, kó tó di pé mo béèrè, ó ti gbé e síwájú mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é dé òpin. Bí mo bá ti wò ó tán, á ní, "Ẹ ti rí i, bọ̀dá? Ó yá, ẹ yí padà." Mo ronú lórí rẹ̀ púpọ̀. Ó mọ̀ pé mò ń fura sí òun, ó fún ìfura mi ní ohun tó máa rí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹrin tí mo padà sílé ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi mì. Ìyá mi ló rí i, ó ti ń ka sáàmù lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó dákẹ́ láàárín ẹsẹ kan. Ní Kérésìmesì, mo fi ọ̀pá méjì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo lo oògùn tán, mo ti ju ọ̀pá kan nù, ó ku èkejì.

Ọ̀pá kejì yẹn ni mo fi rìn wọ ṣọ́ọ̀bù Súlè ní Dópẹ̀mú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pa mọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mo ti gbọ́. Mo dúpẹ́ pé o ń rìn." Ó wá fa ìbòjú irin padà sójú, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta níwájú rẹ̀. Bí a bá pàdé ní Ìkọ̀tún báyìí, a máa ń kí ara wa. Kò wá sílé mi rí, n kò sì lè ní kó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún pé ikọ́ ife ni, bẹ́ẹ̀ ẹ ò wúkọ́, ẹ gbà á gbọ́ débi tí ẹ ó fi lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ̀ yín máa pọ́n. Ẹ jẹ́ kó pọ́n. Ara lè fúyẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kí ó máa ṣe yín bíi pé kí ẹ dá oògùn dúró, ẹ má dá a dúró. Bí wọ́n bá fi èdè tí ẹ ò gbọ́ kọ̀wé fún yín, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ń gbàdúrà fún yín, ẹ jẹ́ kó máa gbà á, ẹ fi omi gbé oògùn mì níwájú rẹ̀.

Ní ti èmi, ẹ̀yìn mi tẹ̀ díẹ̀, aṣọ ò sì jókòó dáadáa lára mi. N kò lè fi orí gba bọ́ọ̀lù mọ́. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ìdárayá ní ilé ìwé kan nítòsí Ìgàndò, mo sì ń fẹsẹ̀ mi rìn láti ibi tí bọ́ọ̀sì bá já mi sí. Fọlákẹ́ bí ọmọbìnrin kan fún mi lọ́dún tó kọjá.

N kò lè purọ́ fún yín pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìfura. Lóṣù tó kọjá, àyà dùn mí fún ọjọ́ méjì. Kí n tó mọ̀, ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ènìyàn: ẹni tó fún mi ní omi, ẹni tó bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹni tó rẹ́rìn-ín láìnídìí. Mo jẹ́ kó máa kà wọ́n lọ. Kó tó dé orúkọ kẹta, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ilé ìwòsàn.